Tẹlifíṣọ̀n Tí Pẹ́pẹ́yẹ Ń Kú Sí: Ọ̀sẹ̀ Kan ní Ìkòròdú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni èmi àti ọmọ mi kúrò ní Òṣogbo. A wọkọ̀ dé Ìbàdàn, a wọ òmíràn dé Ṣágámù, ibẹ̀ la ti rí bọ́ọ̀sì Ìkòròdú. Láti Ìbàdàn ni ọmọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti gba fóònù mi, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Bátìrì kú ní Ṣágámù. Ló bá kọjú sí mi: "Mọ́mì, nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, irú géèmù wo lẹ̀ ń gbá?" Mo ní ìbọn ni mo fi ń pa pẹ́pẹ́yẹ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mò ń tan òun.

Màámi la ń lọ kí, ìsinmi iléèwé ni, ọ̀sẹ̀ kan la sì fẹ́ lò. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó wọ Ògijo ni mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ọmọ yìí máa di ìbọn yẹn mú kí a tó padà.

Láti Ògijo dé Odogunyan, irin àlòkù ló wà lókìtì lókìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin pọ̀ lágbègbè náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú wa tó kó ara fíríìjì, férémù bẹ́ẹ̀dì, àti èèpo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tó lé ní ogún. Èèpo nìkan ni o, wọ́n ti yọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Mo wò wọ́n, mo gbójú kúrò. Ọjọ́ Ẹtì ni mo tó mọ ìdí tó fi yẹ kí n wò wọ́n dáadáa.

Màámi ti se ìkọ́kọrẹ́ dè wá. A jẹ, a sùn.

Ọjọ́rú

Ìta-Ẹlẹ́wà. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù géèmù tí mo ti ń pa pẹ́pẹ́yẹ wà. Láti ilé wa, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, mo sì tún un rìn lónìí pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù géèmù náà nígbà yẹn, ní 1996. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, ẹ̀rọ mẹ́rin tí wọ́n fi wáyà dè mọ́ tábìlì kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Kọ́tìnnì dúdú wà lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ pé nítorí oòrùn ni, kó má baà pa àwòrán rẹ́, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ pé ó tún ń bò wá lójú àwọn òbí tó bá ń kọjá. Inú yàrá náà máa ń rùn fún òórùn pẹtiróòlù láti ara jẹnẹrétọ̀, àti òógùn ọmọkùnrin ogún. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó ń wọ ibẹ̀. Wọ́n á rán mi ní kẹrosíìnì nírọ̀lẹ́, màá sáré rà á, màá wá yà síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin lọ́wọ́. Mo máa ń gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi kí ẹnikẹ́ni má baà ta á nù. Wọn kò mọ orúkọ mi. Ọmọ Oníkẹrosíìnì ni wọ́n ń pè mí.

Terminator ni a ń pe ẹ̀rọ náà, nítorí ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ nìyẹn. Bí o bá wo ara rẹ̀, ó jọ Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù ti ilé iṣẹ́ Sega. Inú rẹ̀ wá jẹ́ ẹ̀dà Famicom, ẹ̀rọ tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 1983, èyí tí Masayuki Uemura ṣe aṣáájú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀dà kò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbì kankan. Mo ti wọ yunifásítì kí n tó gbọ́ orúkọ Nintendo. Àwọn kan máa ń fi ojú kéré ẹ̀dà yìí, wọ́n á ní ayédèrú lásán ni. Mi ò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ta ló ń gbé ojúlówó wá sí Ìta-Ẹlẹ́wà? Ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú yẹn ni ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá tó, òun ló sì jẹ́ kí ọmọ tó ní ₦5 péré lè gbá Super Mario Bros. àti Contra ní Ìkòròdú, bí ọmọ Tokyo ṣe ń gbá a ní Tokyo.

Kàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń kọ́? Wọ́n kọ "9999999 in 1" sí i lára. Géèmù inú rẹ̀ kò ju bíi méje lọ, òun ni wọ́n ń tún pè lóríṣiríṣi orúkọ títí ojú ìwé á fi tán. Bọ̀ọ̀dá mọ nọ́ńbà wọn lórí. Bí o bá ní o fẹ́ Contra tó ní ẹ̀mí 30 láìtẹ kóòdù kankan, á sọ fún ọ pé, "Lọ sí 27."

Ti èmi ni Duck Hunt, géèmù ìbọn tí Nintendo ṣe ní 1984. Pẹ́pẹ́yẹ á fò jáde láti inú igbó, wàá yin ìbọn, bí o bá tàsé, ajá kan á yọrí látinú koríko, á máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti pa pẹ́pẹ́yẹ débi pé àwọn ọmọkùnrin tó wà ní bẹ́ǹṣì kejì fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n dúró sẹ́yìn mi. Ni NEPA bá múná lọ. Òkùnkùn biribiri. Mi ò tíì sanwó, torí ẹ̀yìn géèmù la máa ń san án. Ẹ̀rù bà mí nítorí ilẹ̀ ti ṣú, mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi, mo sá. Mo jẹ Bọ̀ọ̀dá ní ₦5.

Mi ò gba ọ̀nà yẹn mọ́ látọjọ́ náà. Ní September ni wọ́n mú mi lọ sí iléèwé sẹ́kọ́ńdírì ní Ìjẹ̀bú-Òde, inú ọgbà iléèwé ni mo sì ń gbé. Nígbà tí mo bá wálé, ẹ̀gbọ́n mi á máa ròyìn ṣọ́ọ̀bù náà fún mi: wọ́n ti ra PlayStation, wọ́n ti ń gbá Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù. Èmi á gba ẹ̀yìn ọjà kọjá.

Lónìí, kalokalo ló wà nínú yàrá náà. Àwọn géńdé kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń wo ajá tí ẹ̀rọ yà, tó ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n mú rìsíìtì dání. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo ògiri bóyá màá rí ibi tí wọ́n kan tábìlì mọ́. Wọ́n ti fi táìsì bò ó. Màmá kan tó ń dín àkàrà níwájú ibẹ̀ sọ pé ó ti pẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá ti kó lọ sí apá Ìgbógbó, òun kò mọ ilé.

Ọjọ́bọ̀

Ọjà Sábó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dààmú ara mi, kí n lọ sí Àlàbà. Mo ní Ìkòròdú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni màá ti wá a.

A kọ́kọ́ rí àwọn tó ń ta géèmù tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó SUP jáde, géèmù kékeré àfọwọ́dì tó ní 400 géèmù nínú. Mo tàn án wò. Ẹ̀dà yẹn náà ló tún wà níbẹ̀, Mario kan náà, Contra kan náà, wọ́n kàn há gbogbo rẹ̀ mọ́ inú ike tí kò tó ọwọ́. Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ kò níbọn.

Ìsọ̀ kẹfà ni a dé ká tó rí ohun tí à ń wá. Oní-tòkunbọ̀ ni, ó to sípíkà, fíríìjì kékeré àti DVD lé ara wọn dé òrùlé. Mo béèrè Terminator. Ọmọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọ abẹ́ tábìlì, ó fa àpò sẹ̀mẹ́ǹtì kan jáde, eruku bò wá. Ẹ̀rọ kan, pádì méjì, kàsẹ́ẹ̀tì kan, ìbọn kan. Mo tẹ ìbọn náà, ó dún kéú. Ohùn yẹn gan-an. Àyà mi lù.

Ó pè é ní ₦15,000. Mo ní ₦4,000. Ó ní kí n lọ wò ó kiri ọjà. Mo ní mo ti wò ó kiri, kò sí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo bá lọ. A jọ dákẹ́ díẹ̀. ₦7,000 ló gbà, ó fi ádáptọ̀ kan kún un.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu kàsẹ́ẹ̀tì, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la ṣe é nígbà yẹn, ó sì dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fífà á yọ àti títún un kì bọ̀ ló ń jẹ́ kó mú. Ìtọ́ ẹnu ń jẹ kọ́pà. Nintendo fúnra wọn kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ẹ. Eyín 60 ló wà lẹ́nu kàsẹ́ẹ̀tì Famicom àti ti àwọn ẹ̀dà rẹ̀. Mo fi rọ́bà ìparẹ́ pa wọ́n rẹ́rẹ́rẹ́, mo fi òwú tí mo ti rì sínú sípírítì nù wọ́n. Dúdú tó jáde lára òwú náà pọ̀.

A so ó mọ́ plasma ẹ̀gbọ́n mi, ínṣì 43. Mario jáde! Màámi náà wá jókòó, wọ́n ní ohun tó ń dún yẹn ni wọ́n ṣe nà mí lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi gbá a títí ó fi kú nígbà méje. Mo wá yí i sí Duck Hunt, mo gbé ìbọn lé e lọ́wọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ kankan kò kú. Ó yìn ín láti ọ̀ọ́kán, ó yìn ín láti ẹ̀gbẹ́, ó lọ gbé ẹnu ìbọn lé ojú plasma. Ajá ń fi wá rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbà á, kò kú. "Mọ́mì," ó ní, "ìbọn yìí ti bàjẹ́."

Ọjọ́ Ẹtì

Mo gbé ẹ̀rọ lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí Ayangbúrẹn Road. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n kọ́kọ́ yọ ádáptọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n, fólítì 12. Wọ́n fi nǹkan kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan hàn wá nínú ẹ̀rọ, 7805, òun ló ń sọ iná di fólítì 5 kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Wọ́n ní 9 ló yẹ ká fún un. Bí a bá ń fún un ní 12, á máa gbóná ṣáá títí á fi kú. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún wa.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìbọn. Iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì ni mò ń ṣe, síbẹ̀ mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ tó báyìí rí. Wọ́n pe ọmọ mi sún mọ́ ara wọn.

"Kò sóhun tó ń jáde lẹ́nu ìbọn yìí," ni bàbá wí. "Ojú ló wà nínú rẹ̀. Ó ń wò ni. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n á ṣú dúdú fún ìgbà díẹ̀ tí ojú rẹ ò lè mú, lẹ́yìn náà ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà nìkan á tàn funfun. Bí ojú ìbọn bá rí òkùnkùn, tó sì rí ìmọ́lẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, o ti pa á nìyẹn."

Kí ló wá dé tí kò rí i? Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó lẹ́yìn gbọọrọ, iná ló fi ń kọ àwòrán ní ìlà ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí géèmù bá sọ pé kó kọ, ó ti kọ ọ́. Plasma máa kọ́kọ́ gba àwòrán, á tún un ṣe, á nà án fẹ̀ kó bá ojú rẹ̀ mu, kó tó gbé e jáde. Nígbà tí funfun náà bá fi máa yọ, géèmù ti béèrè tán, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé o tàsé. "Ìbọn rẹ ò ṣe nǹkan kan," wọ́n sọ fún ọmọ mi. "Tẹlifíṣọ̀n yín ló ń pẹ́ dáhùn."

Mo ní kí wọ́n ta tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan fún mi. Wọ́n na ọwọ́ sí ògiri òdìkejì, ibi tó ṣófo. Mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀ rí. Àwọn oní-kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ló wá kó wọn, nítorí wáyà kọ́pà tó wé mọ́ ọrùn awo náà. Wọ́n á fi òkúta lu ọrùn rẹ̀ fọ́, wọ́n á bọ́ kọ́pà, wọ́n á ju awo síbi tí omi ń gbà kọjá. Òjé wà nínú awo yẹn. Inú omi ìlú là ń da òjé sí nítorí kọ́pà ọwọ́ kan. Mo rántí ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́ Ìṣẹ́gun, inú mi bàjẹ́ gidigidi. Ojú wo ni a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n wọ̀nyẹn tí a fi gbà pé wọn ò wúlò mọ́? Ohun kan wà tí plasma olówó gọbọi kò lè ṣe tí wọ́n ń ṣe, a sì ń fọ́ wọn.

A ya ìsọ̀ mẹ́ta míì àti òtẹ́ẹ̀lì kan. Kò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Òjò. Ìkómọ ọmọ ìbátan wa ní Agric, a sì lo gbogbo ọ̀sán níbẹ̀. Mo béèrè tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá mi jókòó. Ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà sọ pé òun kò ní tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ òun ní nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù géèmù. Oúnjẹ tó wà níwájú mi tutù.

Ọjọ́ Àìkú

Lẹ́yìn ìsìn, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbógbó. Bọ̀ọ̀dá ti hu ewú. Wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń sin adìyẹ díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ orúkọ mi, orúkọ náà kò sọ nǹkan kan fún wọn. Mo ní, "Ọmọ Oníkẹrosíìnì ni, sà." Wọ́n ju àdá ọwọ́ wọn sílẹ̀. "O ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀!"

A jókòó pẹ́. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ láti ìgbà tí mo kúrò. PlayStation àkọ́kọ́ tí wọ́n rà, tòkunbọ̀ ni; ojú irin tí lẹ́ńsì ń gùn lọ gùn bọ̀ nínú rẹ̀, ike ni, nígbà tó jẹ, lẹ́ńsì dagun, kò ka sìídì mọ́. Wọ́n wá dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, ó kà á. Ọdún méjì ni wọ́n fi lò ó ní ìdojúbolẹ̀. Wọ́n sọ ti Winning Eleven 3, èyí tí Konami ṣe fún ife àgbáyé 1998. Gbogbo ọmọ ló ń mú Nàìjíríà nítorí Tijani Babangida, ẹni tí kò sí adènà tó lè lé e bá nínú géèmù náà. Ìjà rẹ̀ pọ̀ débi pé Bọ̀ọ̀dá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ògiri: ẹni tó bá gba góòlù mẹ́ta sí òdo dìde, ẹni tó bá mú Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra kò gbọdọ̀ mú un mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

PS2, ìyẹn PlayStation kejì, ló pa ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní. Nígbà tí tòkunbọ̀ rẹ̀ dọ̀pọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀, ọmọ tó ń wá san owó dínkù. Wọ́n forí tì í. Nígbà tí Sony wá dáwọ́ ṣíṣe PS2 dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, lẹ́ńsì gidi wọ́n gógó, owó pẹtiróòlù sì ti ju owó tó ń wọlé lọ. Wọ́n tilẹ̀kùn.

"Àwọn tẹlifíṣọ̀n yẹn ń kọ́, Bọ̀ọ̀dá?"

Ìyàwó wọn ló dáhùn. Ọ̀kan ṣẹ́kù, ó wà ní yàrá ẹrù, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìkòkò ayẹyẹ lé.

Sharp ínṣì 14. A gbé ìkòkò kúrò, a nu eruku, a gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ló tún ṣánẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀, àwòrán ń kùn bí eéṣú lójú rẹ̀, títí tí gbogbo ojú rẹ̀ fi di àwọ̀ ojú ọ̀run. Duck Hunt. Wọ́n na ìbọn sí mi. Mo ní ọmọ ni kó kọ́kọ́ yìn ín.

Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Pẹ́pẹ́yẹ dúró sójú ọ̀run, ó ṣubú gbì. Ọmọ mi kò pariwo, ó kàn yíjú wò mí. Ó yin ìkejì, ó ṣubú. Ìgbà yẹn ló wá ké tí àwọn adìyẹ fi túká.

Mo mú ₦5,000 jáde, mo ní tẹlifíṣọ̀n ni, mo tún ní gbèsè kan wà níbẹ̀. Mo ròyìn alẹ́ ọjọ́ tí NEPA múná lọ. Bọ̀ọ̀dá fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Wọ́n ní kí n fi owó mi sápò.

"O ò kà á lára ògiri ni? Ẹni tí NEPA bá gba géèmù rẹ̀ kì í sanwó. Òfin ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn látọjọ́ tí mo ti ṣí i."

Mi ò kà á. Ẹ̀yìn ibi tí bẹ́ǹṣì mi wà ni ògiri yẹn, mi ò wẹ̀yìn wò rí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Wọn kò gbowó tẹlifíṣọ̀n náà. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé

Ní gáréèjì, awakọ̀ ní kí n gbé e sí búùtù. Mo ní awo ni, mi ò lè gbé e sábẹ́ àpò gàrí. Mo sanwó ìjókòó mẹ́ta, èmi, ọmọ mi àti Sharp, a fi ìró Màámi wé e, ọmọ mi sì mú un lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí a kọjá àwọn òkìtì irin ní Odogunyan, ó fa ìró náà bo ojú rẹ̀ dáadáa.

Fóònù mi kún fún iná títí a fi dé Ṣágámù. Kò béèrè rẹ̀.